Síkáànù ní ọ̀rá ti kún ẹ̀dọ̀ mi, èmi tí kì í mutí

omo_oyemekun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹni ọdún 46 ni mí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Alágbàká níbí l'Ákùúrẹ́, orí àga ni mo ń wà láti àárọ̀ títí a ó fi ṣíwọ́. Ìhà ọ̀tún mi, lábẹ́ egungun ìhà, máa ń wúwo bí ẹni pé mo jẹun yó jù. Dókítà ní kí n lọ ṣe síkáànù. Èsì jáde, wọ́n kọ "fatty liver, grade 2" síbẹ̀. Wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ nìyí: ALT 58 àti AST 41 (èròjà ẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀), platelet 231 (ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì), HbA1c 6.1% (bí ṣúgà ṣe rí fún bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn), triglyceride 212 (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀), HDL 36 (cholesterol tó dára). BP mi 138/88, ìwọ̀n mi 94kg.

Dókítà ní kí n dín ọ̀rá kù, kí n máa ṣe eré ìdárayá, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ti pe ẹlòmíràn wọlé kí n tó rántí ìbéèrè mi.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé mi ò mutí. Bàbá mi ò mu ún, ìjọ tí mo ń lọ ò fàyè gbà á. Màátì ni tèmi, àti ẹlẹ́rìndòdò tí oòrùn bá mú. Ní báyìí, ìyàwó mi ti ń wò mí tìfura-tìfura, bíi pé mo ń yà sílé ọtí kí n tó wálé.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ti fún mi ní nọ́ńbà ìyá kan l'Ọ́jà Ọba tó ń ta àgbo tó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ṣé kí n pè é? Ṣé àìsàn yìí máa ń pani? Àti pé ti ṣúgà tó fẹ́ máa gòkè yìí, ṣé ọ̀tọ̀ ni, àbí ara ti ẹ̀dọ̀ náà ni?

EkimogunBoy
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ múra sílẹ̀, iyán ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Gbogbo àìsàn tí dókítà bá rí lára ọmọ Oǹdó, iyán ló máa ń jẹ̀bi rẹ̀. Bàbá bàbá mi jẹ iyán títí ó fi dàgbà kùjọ́kùjọ́, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní síkáànù.

noosi_agba
Ẹ kú àárọ̀ o, sà. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín ka èyí kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀: ọtí máa ń kó ọ̀rá sẹ́dọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lóde òní kò ní ọtí nínú rárá. Bí àgbàlagbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ní in káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀, torí kì í dunni.

Ẹ wo ilé tí àwọn oníkòkó ń kó àpò sí lásìkò ìkórè. Bí ọkọ̀ ò bá tètè wá kó o, àpò á kún yàrá, á dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò ní ríbi gbẹ́sẹ̀ lé mọ́. Ohun tójú ẹ̀dọ̀ ń rí nìyẹn tí a bá ń rọ́ ṣúgà àti oúnjẹ oníyẹ̀fun sára ju èyí tí iṣẹ́ wa ń ná lọ. Ẹ̀dọ̀ á sọ àṣẹ́kù di ọ̀rá, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Ọ̀rá inú ikùn náà tún wà, kì í ṣe èyí tó wà lábẹ́ awọ o, èyí tó yí ìfun ká. Ọ̀rá yẹn máa ń tú wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún sì ń gbà kọjá kó tó dé ibòmíràn.

Ní ti ìbéèrè yín nípa ṣúgà: ọ̀kan náà ni wọ́n. Insulin, ìyẹn èròjà inú ara tó ń darí ṣúgà, ló ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ pé kó má tú ṣúgà jù sẹ́jẹ̀ lóru tí ẹ ò jẹun. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún inú rẹ̀ kì í gbọ́ àṣẹ yẹn dáadáa mọ́. Á máa tú ṣúgà jáde, ìdí tí ṣúgà fi ń ga láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹnu tó kan oúnjẹ nìyẹn. Ẹ̀dọ̀ kan náà á tún máa ti ọ̀rá sẹ́jẹ̀. Òun lẹ rí tí triglyceride yín fi jẹ́ 212, tí HDL tó dára sì wálẹ̀. HbA1c 6.1% kò tíì di àtọ̀gbẹ, 6.5% ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti 5.7% ló ti wà lójú ọ̀nà. BP náà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ìwé tí wọ́n fún yín dà bí àìsàn mẹ́rin, gbòǹgbò kan ló ní.

Ẹ dáhùn ìbéèrè méjì fún mi. Ṣé ẹ máa ń hanrun lóru? Mélòó ni ikùn yín yíká?

omo_oyemekun
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ní ti hanrun, ìyàwó mi ní ká má tiẹ̀ dá a sílẹ̀. Ṣòkòtò nọ́ńbà 36 ni mò ń wọ̀.

noosi_agba
Haa. Nọ́ńbà ṣòkòtò kọ́ ni mo bèèrè. Ẹ̀yin ọkùnrin, ìsàlẹ̀ ikùn lẹ máa ń so bẹ́líìtì mọ́, ikùn á wá yọrí síta lókè rẹ̀. Ẹ lọ bá télọ̀ yín, kó fi téèpù wọn ikùn lókè egungun ìbàdí, níwájú ìdodo. Ẹ mí síta kó tó wò ó, ẹ má fà á wọlé.

LabuAkure
Mo ń ṣiṣẹ́ láàbù, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Ní 2023, àwọn oníṣègùn ẹ̀dọ̀ yí NAFLD, orúkọ òyìnbó fún ọ̀rá ẹ̀dọ̀ tí kì í ṣe ti ọtí, padà sí MASLD, tí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwé, ohun kan náà ni. Kí wọ́n tó kọ MASLD fún èèyàn, ọ̀rá gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀dọ̀, kó sì tún ní ó kéré tán ọ̀kan nínú nǹkan márùn-ún: ara tó sanra tàbí ikùn tó ju 94cm lọ fún ọkùnrin, 80cm fún obìnrin; ṣúgà tó ti ń gòkè; BP tó tó 130/85; triglyceride tó tó 150; HDL tí kò ju 40 lọ fún ọkùnrin, 50 fún obìnrin. Ọ̀kan péré ti tó o. Ẹ̀gbọ́n wa ní mẹ́rin lójú ìwé, tí téèpù télọ̀ bá sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀, ó di márùn-ún.

Ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí "grade 2" dẹ́rù bà yín. Bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó lójú síkáànù ló ń sọ, kò sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ti ní àpá. Àpá yẹn ni ká máa bẹ̀rù, torí òun ló ń di ẹ̀dọ̀ tó le gbagidi, tí omi fi ń kún ikùn, tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ náà fi lè yọjú. Ìṣirò kan wà tó ń fi hàn bóyá àpá lè ti wà, FIB-4 ni wọ́n ń pè é, kò náni ní kọ́bọ̀ tí ẹ bá ti ní èsì ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ orí lọ́po AST. Ẹ wá square root ALT, kí ẹ fi lọ́po platelet. Ẹ fi ti ẹ̀yìn pín ti àkọ́kọ́. Tiyín: 46 lọ́nà 41 jẹ́ 1,886, square root 58 lé díẹ̀ ní 7.6, ẹ fi lọ́po 231, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,760. Ohun tó jáde ni 1.07. Tí kò bá tó 1.3, ó ṣọ̀wọ́n kí àpá tó pọ̀ ti wà níbẹ̀. Tó bá ju 2.67 lọ, kí ẹ má fi falẹ̀ rí oníṣègùn ẹ̀dọ̀. Ẹni tó bá wà láàárín méjèèjì, FibroScan ló kàn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó. Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65, 2.0 la ń lò dípò 1.3, torí ọjọ́ orí nìkan lè gbé e gòkè.

Ṣùgbọ́n mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀: hepatitis B àti C ńkọ́? Ní Nàìjíríà wa yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wo ALT tó ga kó ní ọ̀rá nìkan ni, láìṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú. Méjèèjì lè wà lára ẹnì kan ṣoṣo.

BabaElewe_Idanre
Mo kí gbogbo ilé. Kí ẹ tó máa ka nọ́ńbà òyìnbó, kí ẹ rántí pé ewé àti egbò ni àwọn baba wa fi ń wo ẹ̀dọ̀ kí ilé ìwòsàn tó dé. Ewúro ń bẹ, orógbó ń bẹ. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ti kọ́ àwọn èèyàn láti máa sá fún ohun tiwọn.

IyaIbeji_Ondo
Bàbá, ẹ máà bínú o, ọ̀wọ̀ yín ń bẹ lára mi. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Wọ́n sọ fún àbúrò ọkọ mi pé ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ ẹ̀, ó wá lọ ń ra àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́. Ẹni tó ń tà á ní tó bá ń yàgbẹ́, ìdọ̀tí ẹ̀dọ̀ ló ń jáde. Kò pẹ́, ojú ẹ̀ pọ́n ràkọ̀, ìtọ̀ ẹ̀ dà bíi kóòkì, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó ń họ ẹ̀yìn ṣáá. Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn, wọ́n ní kó gbé àgbo náà wá kí àwọn wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìgò ò ní lébẹ̀ẹ̀lì, ẹni tó tà á ò gbé fóònù mọ́. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

noosi_agba
@BabaElewe_Idanre, bàbá mi, ẹnikẹ́ni ò bá ewé ṣọ̀tá. Ẹ̀fọ́ ewúro nínú ọbẹ̀ dára, mo ń sè é. Èyí tí mò ń bá jà ni kí wọ́n po oríṣi egbò mélòó kan pọ̀ tí a ò mọ iye tó wà níbẹ̀, kí wọ́n fi ọtí líle rẹ ẹ́, kí wọ́n wá ní kí ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ń ṣàárẹ̀ máa mu ún lójoojúmọ́. Ẹ̀dọ̀ ọ̀hún náà ló máa tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ẹ tún yẹ ìgò àgbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC wò, èyí tí wọ́n kàn kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni mò ń sọ: wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí ẹni tó ṣe é ń sọ pé ó ń wò wò. Ẹ̀dọ̀ kì í nílò fífọ̀. Ẹ dín ohun tó ń wọlé kù, òun fúnra ẹ̀ á kó ọ̀rá náà jáde.

Ẹ má pe nọ́ńbà yẹn, bọ̀dá.

Lepa_FUTA
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, èmi ńkọ́? 63kg ni mí, mo ga, ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní lẹ́pa. Síkáànù ní mo ní ọ̀rá díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀. Mo rò pé àwọn tó sanra nìkan ló wà fún.

LabuAkure
Ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó tín-ín-rín náà, àbúrò. Ara lè tẹ́ẹ́rẹ́ kí ikùn sì ní ọ̀rá nínú, pàápàá tí àtọ̀gbẹ bá wà nínú ìdílé. Ti ìrandíran kan náà wà tó ń mú ẹ̀dọ̀ kó ọ̀rá pamọ́. Àwọn oògùn kan náà lè fà á: prednisolone téèyàn lò pẹ́, tamoxifen, amiodarone. Ẹ ṣe ṣúgà, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ àti mẹ́dọ̀wú. Mélòó lẹ ń mu nínú àwọn ohun mímu amáragbóná inú agolo yẹn lálẹ́ tí ẹ bá ń kàwé?

Lepa_FUTA
😂 Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ sà.

Onje_Ile
Mo gbọ́ tí wọ́n dárúkọ iyán, mo ní kí n yà síbí. Ìmọ̀ nípa oúnjẹ ni mo kọ́, Ọ̀bà-Ilé ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n, dókítà ní kẹ́ ẹ dín ọ̀rá kù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń torí ẹ̀ bá epo inú ọbẹ̀ jà, wọ́n á sì máa mu màátì lọ. Màátì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá wí. Wọ́n ti fi yé wa láti kékeré pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, a ń gbé e lọ kí aláboyún, a ń gbé e lọ kí aláìsàn. Ṣúgà ló kún inú ẹ̀. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl kan lè ní ju gíráàmù 50 ṣúgà lọ, ìyẹn ju kóró ṣúgà mẹ́wàá. Ìdajì ṣúgà yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni fructose, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú fructose, ìrọ̀rùn ló sì fi ń sọ ọ́ di ọ̀rá. Júùsì inú páálí náà ńkọ́? Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ jẹ ọsàn náà fúnra ẹ̀, pẹ̀lú háhá inú ẹ̀.

Iyán: mi ò ní ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀, ẹ ò ní gbọ́. Òkèlè ńlá méjì tí wọ́n ń gbé ka iwájú ọkùnrin ní ilé oúnjẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ju ṣíbí mélòó kan, ló ń bàjẹ́. Ẹ yí i padà. Kí iyán jẹ́ ìwọ̀n ìkúùkù yín kan, kí ẹ̀fọ́ rírò gba ìdajì abọ́, kí ẹja tàbí ẹran tí kò lọ́ràá wà níbẹ̀. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, kì í ṣe aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ẹ bá dé láti ìpàdé. Àwa ará Oǹdó, ẹ̀bà, púpurú, láfún, gbogbo wọn ló wà nínú ìlànà kan náà, ẹ má lọ fi ẹ̀bà gíga rọ́pò iyán kékeré kẹ́ ẹ wá wí fún mi pé ẹ ti ṣíwọ́ iyán. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín lẹ lè jẹ dáadáa. Kọfí tí kò ní ṣúgà ò burú fún ẹ̀dọ̀, àwọn tó ń mu ún máa ń ní àpá ẹ̀dọ̀ tó kéré.

94kg: tí 5% bá kúrò, ìyẹn 4.7kg, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Tó bá tó 7%, bíi 6.6kg, wíwú inú ẹ̀dọ̀ náà á máa rọlẹ̀. 10%, 9.4kg, ni àpá pàápàá fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Ẹ má fi ebi pa ara yín kó tó lọ o, sísáré rù jù lè dá òkúta sílẹ̀ nínú òróòro, ó tiẹ̀ lè da ẹ̀dọ̀ rú. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ tó.

EkimogunBoy
Ìkúùkù kan? Ìkúùkù ta ni? 😭

Onje_Ile
Ti ẹni tó ń jẹun, kì í ṣe ti Gòláyátì.

AraAkure_Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ilé. Dókítà mi níbí sọ pé oògùn ti wà fún un báyìí. Ẹ má jẹ́ ká fi oúnjẹ nìkan da àwọn èèyàn lọ́kàn rú.

LabuAkure
Oògùn wà lóòótọ́. FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí resmetirom ní oṣù Kẹta 2024, wọ́n sì fọwọ́ sí semaglutide fún un ní oṣù Kẹjọ 2025. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti wú tí àpá rẹ̀ sì ti tó ìwọ̀n kan ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ò tíì le pátápátá. Ẹni tí FIB-4 ẹ̀ jẹ́ 1.07 kò sí nínú wọn. Àwọn méjèèjì pàápàá, wọ́n ń lò wọ́n pẹ̀lú oúnjẹ àti eré ìdárayá ni.

noosi_agba
Ìbéèrè kan wà tí a ò tíì dáhùn: ṣé ó ń pani? Ọ̀pọ̀ tó ní in, ẹ̀dọ̀ wọn ò ní dé ibi líle yẹn láé. Ohun tó ń pa àwọn tó ní in jù ni ọkàn àti òpójẹ̀: ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀. Kíndìnrín náà máa ń fara gbá. Ìdí tí inú mi kì í fi í dùn tí èèyàn bá mú ìwé síkáànù dání tó ń wá oògùn ẹ̀dọ̀ kiri, tí BP ẹ̀ sì wà ní 150, tí kò ṣe nǹkan kan sí i nìyẹn. Ẹ mójú tó ọkàn àti BP. Tí dókítà bá fún yín ní oògùn cholesterol, irú statin, ẹ lò ó. Ìbẹ̀rù ẹ̀dọ̀ kì í jẹ́ kí àwọn kan lò ó, bẹ́ẹ̀ kò léwu fún ẹni tó ní irú ọ̀rá ẹ̀dọ̀ yìí. Ẹ kàn máa jẹ́ kí dókítà ṣe àyẹ̀wò.

Ti hanrun yẹn, ẹ bá dókítà sọ ọ́. Tí èémí bá ń já lójú oorun, òun náà máa ń gbé BP àti ṣúgà gòkè, ó sì máa ń wà pẹ̀lú ọ̀rá ẹ̀dọ̀.

Kẹ́ ẹ máa rìn. 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kó máa jẹ́ irú ìrìn tí ẹ lè fi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè fi kọrin. Ẹ máa dé ibi iṣẹ́ láìgun ọ̀kadà níbi tó bá sún mọ́. Tó bá yá, tí dókítà bá gbà, ẹ lọ gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè lọ́jọ́ Sátidé.

BabaElewe_Idanre
Ìyẹn ni mo fọwọ́ sí. Ẹ máa bọ̀ ní Ìdànrè, mi ò ní fún yín lágbo. Omi nìkan.

IyaIbeji_Ondo
Ìyá nọ́ọ̀sì, ó kù sí ọ̀rọ̀ tèmi. Ó pẹ́ tí mo ti ní àtọ̀gbẹ, metformin ni mò ń lò. Ẹnì kankan ò tíì dárúkọ ẹ̀dọ̀ fún mi rí. Ṣé ó kàn mí?

noosi_agba
Ó kàn yín gan-an, ìyá ìbejì. Ju ìdajì àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì (type 2) ló ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀, àpá sì máa ń tètè wọlé fún wọn ju àwọn yòókù lọ. Metformin dára fún ṣúgà, ṣùgbọ́n kì í kó ọ̀rá ẹ̀dọ̀ kúrò. Nígbà tí ẹ bá tún lọ gba oògùn, ẹ ní kí wọ́n kọ AST, ALT àti platelet fún yín. Ẹ wá gbé e síbí kí LabuAkure ṣe FIB-4 fún yín, kẹ́ ẹ sì mú un tọ dókítà lọ.

omo_oyemekun
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti dé ọ̀dọ̀ télọ̀ mi l'Árákàlẹ̀. Ó fi téèpù yí mi ká, ó dákẹ́, ó tún un wọ̀n, ó wá ní "Ọ̀gá, 42 ni." Ìyẹn 107cm. Mẹ́dọ̀wú B àti C: kò sí, ọpẹ́ ni. Dókítà ní kí n gba abẹ́rẹ́ àjẹsára B, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni. Ìyàwó mi ti kó gbogbo màátì inú fìríìjì fún àwọn àlejò. Nígbà tí mo bá fẹ́ tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ṣé mo gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ kí n tó wá?

LabuAkure
Fún triglyceride àti ṣúgà àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹun alẹ́ tán kó tó di aago mẹ́sàn-án, lẹ́yìn ìyẹn omi lásán nìkan, kọfí náà ò sí níbẹ̀, kẹ́ ẹ dé láàbù láàárọ̀ kùtùkùtù kí èrò tó pọ̀. HbA1c, ALT, AST, platelet, ìwọ̀nyẹn ò nílò ààwẹ̀. Oògùn BP tí wọ́n bá ti kọ fún yín, ẹ máa lò ó, àyàfi tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ dá a dúró. Kẹ́ ẹ mú ìwé ti àkọ́kọ́ yìí dání, a fẹ́ fi méjèèjì wé ara wọn.